Ọwọ̀, Bútà àti Omi Ọ̀ṣun

 

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ fa ọ̀rọ̀ kan yọ. Àkòrí tí àwọn tó pè mí wá sọ̀rọ̀ ní Òṣogbo kọ sínú lẹ́tà wọn ni "Onígbàgbọ́ àti Ìtọ́jú Àyíká". Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Bí ẹnì kan bá pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa á gbọ́. Mùsùlùmí gbàgbọ́, olórìṣà náà gbàgbọ́, ṣùgbọ́n a kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, "ẹlẹ́sìn" ni kí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu tèmi. Gbogbo wa ni mo kí, gbogbo wa náà ni mo sì máa bá wí. Mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà: Mùsùlùmí ni bàbá mi, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ìyá mi ń lọ, olóòṣà Ọ̀ṣun sì ni ìyá tó bí bàbá mi títí tó fi re ibi àgbà ń rè.

Arúgbó kì í sùn pẹ́. Kò tí ì tó aago méje òwúrọ̀ yìí tí mo fi dé gbọ̀ngàn yìí láti wá wo ibi tí wọ́n máa gbé mi dúró sí. Mo bá obìnrin kan níta tó ń gbá àgbàlá. Ó jọ pé àwọn kan ti ṣe ìpàdé àdúrà níbí lálẹ́ àná. Ọwọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àpò ìrẹsì tó ti ṣófo wà lọ́wọ́ òsì. Ewé igi ń lọ sídìí máńgòrò tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ń lọ sínú àpò. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbá gbogbo rẹ̀ jọ, kó ṣáná sí i, kó sinmi. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. Ó ní, "Bàbá, ewé yìí, ilẹ̀ ló ni ín, ilẹ̀ á gbà á pa dà. Ọ̀rá yìí, ilẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ń rà á lórí ìwọ̀n, tí wọ́n á lọ yọ́ ọ ṣe ike mìíràn. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ó ní bó ti wù kó kéré tó, òun máa ń yọ ìdá mẹ́wàá níbẹ̀ kí òun tó fi ìyókù dá àjọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti kọ ìwé kan wá láti ilé. Ọ̀rọ̀ ńlá ńlá ló kún inú rẹ̀, nípa ojú ọjọ́ tó ń yí pa dà àti àwọn olórí ayé tí wọ́n ń ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ó wà nínú àpò mi níbí, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni mo fẹ́ tẹ̀ lé. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá wá ni pé ohun tí ẹ̀sìn ní tí ìjọba ò ní ni àṣetúnṣe. Ìjọba lè kéde lórí rédíò. Ó lè gbin igi níwájú àwọn oníròyìn, kí ewúrẹ́ sì jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀sìn ló lè mú ènìyàn ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ fún ọgọ́ta ọdún, lókùnkùn, lójò, láìsí ọlọ́pàá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nǹkan kéékèèké tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ló sọ àyíká wa dà bó ṣe dà yìí.

Ní ọdún 2015, Póòpù Francis kọ lẹ́tà gbọọrọ kan sí gbogbo ayé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Laudato Si' ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn ibi tó ti ń bá àwọn orílẹ̀-èdè olówó wí. Ibi tó dùn mọ́ èmi jù ni ibi tí bàbá náà ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé ìdáná wa: kí á má se oúnjẹ ju èyí tí a máa jẹ lọ, kí á pa iná tí a ò lò, kí á má máa fi omi ṣòfò. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà pátápátá. Ìyá bàbá mi ò gbọ́ nípa Póòpù kankan rí, ṣùgbọ́n kì í da omi gbígbóná sílẹ̀ lálẹ́ láìkọ́kọ́ ké àgò. "Àgò o, àgò o," á dúró díẹ̀, kó tó dà á. Nígbà tí mo bi í pé ta ló ń yàgò fún un, ó ní àwọn tó ń gbé inú ilẹ̀ pọ̀ ju àwa tí a wà lókè lọ. Ìgbà tí wọ́n kọ́ wa nípa ekòló àti àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ níléèwé ni mo tó mọ̀ pé ìyá náà ò parọ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí omi, torí ibẹ̀ ni mo ti dẹ́ṣẹ̀ jù.

Ó wà nínú hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé òṣùwọ̀n múdù kan ni Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ń ṣe àlùwàlá. A ti gbọ́ ọ nínú wáàsí títí ó fi sú wa. Kí ni múdù? Ohun tí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjèèjì lè kó lẹ́ẹ̀kan ni. Nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò, ó wà láàárín ìlàjì lítà sí lítà kan. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lédè ìgboro: píọ̀-wọ́tà kan, ó pọ̀ jù, méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dán an wò. Mo tú píọ̀-wọ́tà kan àti ààbọ̀ sínú bútà, mo jókòó sórí àpótí. Mo fọ ọwọ́, mo yọ ẹnu, mo fín imú, mo bọ́jú, mo fọ apá dé ìgúnpá, mo pa orí, mo fọ ẹsẹ̀. Omi ṣẹ́ kù nínú bútà. Nígbà tí àkókò ìrun mìíràn tó, mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo gbé ike ọ̀dà onílítà mẹ́rin sábẹ́ ọwọ́ mi, mo sì ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ bí mo ti máa ń ṣí i. Ike yẹn kún. Mo dà á, mo tún gbé e síbẹ̀. Ó tún kún kí n tó fọ ẹsẹ̀ òsì tán. Ìyàwó mi ń wò mí lójú fèrèsé, ó bi mí bóyá ara mi yá.

Lítà mẹ́jọ nìyẹn o, níbi tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà kan ti tó. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin tó jọ mí wá kírun Jímọ̀. Lítà 2,400 ni wọ́n máa dà nù síbi tí lítà 225 ti lè gbé gbogbo wọn dé ojú sáàfù. Jẹnẹrétọ̀ ló sì ń fa omi náà gòkè sínú táńkì, epo la ń rà sí jẹnẹrétọ̀. Mo ti ń kírun láti ọmọ ọdún méje. Mi ò fẹ́ ṣírò ohun tí mo ti dà sínú gọ́tà láti ìgbà náà.

Mo mọ mọ́ṣáláṣí kan tí wọn ò ti jẹ́ kí omi náà wọ gọ́tà. Àdúgbò kan tí mo gbé rí ni. Ládàánì ibẹ̀ mú ọkọ́ lọ́jọ́ kan, ó la ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìdí ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn ògiri. Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ṣe dáadáa, omi àlùwàlá sì sàn ju omi ìwẹ̀ lọ torí kò sí ọṣẹ nínú rẹ̀. Ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà, ó gbin ewúro, ìbẹ́pẹ kan sì hù fúnra rẹ̀. Nígbà ààwẹ̀, ìbẹ́pẹ yẹn wà lára ohun tí a fi ń ṣínu. Kò sẹ́ni tó fi àkọlé síbẹ̀. Mi ò rò pé ládàánì náà mọ̀ pé orúkọ kan wà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń pe ohun tí òun ṣe.

Ìyá mi tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ fẹ́ràn ìtàn búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì. Gbogbo pásítọ̀ tí mo ti gbọ́, ibi tí búrẹ́dì ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n máa ń pariwo lé. Ìyá mi á ní kí a fara balẹ̀, ìtàn ò tí ì parí. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn yó tán ni Jésù ní kí wọ́n ṣa èérún jọ kí ohunkóhun má bàa ṣòfò, wọ́n sì ṣa agbọ̀n méjìlá. Ẹni tó lè sọ búrẹ́dì di púpọ̀, kí ló ń fi èérún ṣe? Ìyá mi ò rí ìdáhùn fún un ju pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ lọ. Ní ilé wa, a kì í da ìsàlẹ̀ ìkòkò nù. Lónìí, ẹ lọ wo ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè tàbí lẹ́yìn wòlímọ̀: ìrẹsì tí wọ́n jẹ dé ìdajì nínú ike funfun fúlẹ́fúlẹ́, tó máa wà nínú gọ́tà lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó ń ṣe wòlímọ̀ bá ti di àgbà. Mo ṣì rántí ìgbà tí ewé eéran la fi ń pọ́n oúnjẹ sàráà. Ewúrẹ́ ló máa ń kó ilẹ̀ fún wa.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ inú igbó.

Bí ìyá bàbá mi bá fẹ́ bu èèpo igi fún àgbo, á kọ́kọ́ kí igi, á ju owó wẹ́wẹ́ sídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà á bó díẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn, díẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn. Èèwọ̀ ni kó bó o yíká. Mo gbà pé àṣà lásán ni, títí mo fi mọ̀ pé abẹ́ èèpo ni oúnjẹ tí ewé ṣe ti ń gba sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Bí a bá bó igi yíká, ebi ni yóò pa gbòǹgbò rẹ̀ kú. Àwọn tó ń bó èèpo tà lọ́jà báyìí kì í kí igi. Wọn kì í sì í dá apá kankan sí.

Irú èèwọ̀ yẹn náà ló tọ́jú Igbó Ọ̀ṣun tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú yín yìí. Hẹ́kítà 75 ni. A kì í pẹja níbẹ̀, a kì í ṣọdẹ, a kì í gé igi. Ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ìtàn rẹ̀ yangàn níwájú yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ pé ní nǹkan bí 1950 sí 1960, èèwọ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Ojúbọ ń wó. Àwọn àwòrò ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń gégi, wọ́n ń ṣọdẹ, wọ́n ń pẹja. Ọ̀pọ̀ wa tí a ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ò rí ohun tó kàn wá níbẹ̀ mọ́.

Susanne Wenger, ọmọ Austria tí ẹ mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló dá sí i. Ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà, ibẹ̀ ló sì fi ṣe ilé títí tó fi kú ní 2009. A máa ń sọ ìtàn náà bíi pé òun nìkan ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn tó bá a ṣe é: Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ birikìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, tó ń gbẹ́ òkúta, Kásálì Àkàngbé, tó ń gbẹ́gi. Ẹ gbọ́ orúkọ wọn dáadáa. Ilé tó ń sọ ọmọ ní Bùráímọ̀ kì í ṣe ilé tí kò mọ mọ́ṣáláṣí. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí fi sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti igi mọ ògiri àti ère síbi tí àwọn kan ti fẹ́ já ilẹ̀ igbó gbà, kí ẹni tó bá gbé àáké bọ̀ lè bá ojú tó ń wò ó pàdé. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní 2005. Ìwé wọ̀nyẹn dára. Ṣùgbọ́n igi ti wà lóòró kí ìwé tó dé, torí ẹnì kan ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí ni pé ẹnu ààlà ni èèwọ̀ máa ń parí sí. Omi Ọ̀ṣun ò bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣàn wá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń wa góòlù. Wọ́n ń tú ilẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́ nínú àwọn odò tó ń ṣàn wọnú Ọ̀ṣun, ẹrẹ̀ àti ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ sì ń bá omi bọ̀. Odò tí ìyá àgbà mi ń pọn mu di omi tó pọ́n bí tíì oníwàrà. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìjọba ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ ro ó wò: obìnrin tó ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ, tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n wá sọ fún un létí odò pé omi ìwòsàn lè pa á.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olóòṣà nìyẹn. Odò kan náà ni wọ́n sé ní Aṣẹ́jirẹ́, táwọn ará Ìbàdàn ń mu láti inú ẹ̀rọ. Ọ̀ṣun ni wọ́n fi ń ṣèrìbọmi níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, bí wọ́n mọ̀, bí wọn ò mọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé omi ti yí pa dà ni ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyálórìṣà ò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó mọ àwọ̀ tí omi ní lọ́sẹ̀ tó kọjá àti lọ́dún tó kọjá. Àwọn olóòṣà ké síta. Ariwo wọn kò dé ibi tó yẹ kó dé kíákíá, torí pé ẹnu olóòṣà ló ti jáde. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ká ní ìmáàmù àti bíṣọ́ọ̀bù bá wọn dúró létí odò yẹn lọ́jọ́ kìíní, ohùn yẹn ì bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo sì ní ìbéèrè kan fún ẹ̀yin aṣáájú ẹ̀sìn. Mi ò rò pé àwọn tó ń wa góòlù yìí, pàápàá àwọn ọ̀gá tó ń rà á lọ́wọ́ wọn, kò níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Mo rò pé wọ́n ń dá ọrẹ, wọ́n ń yọ ìdá mẹ́wàá, wọ́n ń yọ sàká. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níta yẹn náà ń yọ ìdá mẹ́wàá, láti inú ọ̀rá. Ta ló ń bi ẹni tó gbé owó ńlá wá pé odò wo ló ti fọ̀ ọ́?

Ilé ìjọsìn wa fúnra wọn ńkọ́? Máńgòrò la ń gé ká lè rí àyè fún mọ́tò, a ó sì da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá títí òjò ò fi ní ríbi wọlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà a ó gbààwẹ̀ kí omíyalé má ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún wọ ìlú Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ, pàǹtírí tí àwa fúnra wa dà sójú omi sì wà lára ohun tó fà á. Àwọn tó dà á síbẹ̀, ẹlẹ́sìn bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ wọn. Ti ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa, mi ò ní fọwọ́ kàn án lónìí. Mo ṣì ní láti pa dà sí àdúgbò mi.

Kò sí ẹ̀sìn tí ọ̀rọ̀ yìí yọ sílẹ̀. Ní Salvador nílẹ̀ Brazil, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún, àwọn ọmọ Yemọja máa ń péjọ sí etíkun Rio Vermelho. Wọ́n á kó ẹ̀bùn sínú agbọ̀n, àwọn apẹja á fi ọkọ̀ gbé e wọ inú òkun: òdòdó, ọṣẹ, lọ́fínńdà, díńgí, òòyà. Ìgò àti ike wá pọ̀ nínú òkun, ẹja ń gbé e mì. Àwọn ìyálórìṣà ibẹ̀ kan ti wá ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n da lọ́fínńdà sí omi, kí wọ́n mú ìgò rẹ̀ lọ sílé, kí wọ́n fi òdòdó rọ́pò òòyà onírọ́bà. Àwọn kan bínú pé wọ́n ń yí orò pa dà. Mo rò pé ìyálórìṣà ló jàre. Ìyá tó ni ẹja, èwo ni kí a máa fi ohun tó ń pa ẹja bọ ọ́? Létí Ọ̀ṣun níbí náà, lẹ́yìn ọdún, ẹ lọ ka kẹ́ẹ̀gì àti ọ̀rá tó wà nílẹ̀.

Wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi pé àkókò ti lọ. Mo ti rí yín.

Nígbà tí mo fẹ́ fi obìnrin yẹn sílẹ̀ láàárọ̀, ó bi mí bóyá àwọn tó pè mí máa pín omi fún èrò. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo rí báàgì píọ̀-wọ́tà tí wọ́n tò jọ. Mo kà á, ogún ni. Ogún ọ̀rá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irinwó ọ̀rá nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa pín in. Kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé lọ, ó mú àpò méjì mìíràn jáde, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n wà níbẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá ti mu tiyín tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dà sídìí máńgòrò kí ẹ tó jù ú sínú àpò. Ó ní èyí tó bá lómi nínú máa ń rùn, àwọn tó ń rà á sì máa ń yọ owó rẹ̀.